Ìlà Tó Wà Níwájú Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ

                                        Ilé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Ìkàwé,
                                        Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, ọmọ ìyá mi tòótọ́,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà nílé? Ìyàwó wa ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé o ti lè so okùn bàtà rẹ fúnra rẹ, àbí ìyàwó wa ló ṣì ń bá ọ so ó? Ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ ńkọ́, ẹni tí kì í sọ pé òun ń lọ jẹun, àfi kó ní òun fẹ́ lọ "ṣe àtúntò agbára"? Bá mi kí i, ṣùgbọ́n má dúró gbọ́ èsì.

Ní tiwa, ara le, ọkàn sì balẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ tú aago ògiri palẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun láti ọjọ́ Ajé, ó ní òun ń tún un ṣe. Aago náà kò bàjẹ́ rí àfi ìgbà tó fọwọ́ kàn án. Orúnkún mi ṣì ń bá mi ṣe àríyànjiyàn lórí àtẹ̀gùn, àmọ́ èmi ni mo máa ń borí, bó tilẹ̀ pẹ́.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á sókè fún bàbá àwọn ọmọ, ó sì rẹ́rìn-ín títí irin tíńtín kan fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sábẹ́ àga. Ìbéèrè méjì lo bi mí. Àkọ́kọ́: kí ló ń mú àgbàlagbà obìnrin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi ń san owó oṣooṣù torí eré orí kọ̀ǹpútà? Ìkejì: bó bá dùn tó bí mo ṣe ń sọ ọ́, kí ló dé tí àbíkẹ́yìn rẹ ní àwọn ènìyàn ń sá kúrò níbẹ̀ bí ẹni tí ilé ń jó mọ́ lórí? Ti àkọ́kọ́, n kò ní dáhùn. Ẹni tó ń san owó oṣooṣù láti máa wo ọkùnrin méjìlélógún tó ń lé bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ti ìkejì ni mo ní èsì sí, torí ọ̀sẹ̀ tó kọjá gan-an ni èsì náà já lé mi lọ́wọ́, tayọ̀tayọ̀ ni mo sì fi ń kọ ọ́ yìí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á yé ọ, kí o má baà ṣe bíi ti àwọn ọmọ ẹ̀yìn kíláàsì tó ń mi orí láìgbọ́ nǹkan kan. Ìlú kan ni wọ́n fi ọgbọ́n kọ̀ǹpútà dá sílẹ̀, Ẹ̀yìn-Òkè lorúkọ rẹ̀. Odò wà níbẹ̀, afárá wà, ihò àpáta wà tí ẹranko abàmì ń gbé inú rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn máa ń wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láti yàrá oníkálukú, kálukú á sì yan irú ẹni tó fẹ́ jẹ́ àti iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Èmi yan ọkùnrin gìrìwò onírùngbọ̀n kan tó ń gbé asà. Iṣẹ́ mi ni kí n dúró níwájú, kí ìyà máa jẹ èmi kó má baà jẹ àwọn tó wà lẹ́yìn. Bí o bá rò ó dáadáa, iṣẹ́ tíṣà náà ni. Irùngbọ̀n nìkan ló lé.

Ẹgbẹ́ la máa ń ṣe níbẹ̀, torí ẹnì kan kì í dá ihò àpáta wọ̀. Olórí ẹgbẹ́ wa, akọ̀wé kóòtù ni nínú ayé tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, àmọ́ ní Ẹ̀yìn-Òkè, Ọ̀gágun là ń pè é. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ sọ pé "ẹ jẹ́ ká lọ", Ọ̀gágun á ní, "A ti fẹnu kò pé kí ìrìn-àjò gbéra." Ta ló bá a fẹnu kò, a ò mọ̀. A pọ̀ gan-an nígbà kan. Ní báyìí, àwa tó kù ni Ọ̀gágun, Dókítà Eyín, Awakọ̀ Rélùwéè, Oníbúrẹ́dì, àti èmi. Bàbá ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń pè mí. Lọ́jọ́ tí mo sọ̀rọ̀ sí gbohùngbohùn kọ̀ǹpútà fún ìgbà àkọ́kọ́, tí wọ́n gbọ́ ohùn obìnrin, gbogbo wọn jókòó dáadáa bí ìgbà tí ọ̀gá ilé-ìwé wọ kíláàsì. Láti ọjọ́ náà, "Bàbá, mà" ni Ọ̀gágun ń pè mí.

Nínú àwọn tó ti lọ ni obìnrin kan wà tí à ń pè ní Aránṣọ. Òun ni mo fẹ́ kí o fọkàn bá lọ. Nínú eré, kò sẹ́ni tó mọ aṣọ rán tó o. Aṣọ níbẹ̀ kì í ṣe ti fáàrí lásán; òun ló ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ eyín àti èékánná ẹranko. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá afárá, ìlà kì í sì í tán níwájú rẹ̀. "Aránṣọ, ẹ kú iṣẹ́ o." "Aránṣọ, ẹ má gbàgbé apá ọ̀tún mi." Á dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, á bú ẹni tó bá yẹ ní bíbú. Níta eré, kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Inú àpótí onígíláàsì kan ló ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ó sọ fún mi nígbà kan pé ọwọ́ ènìyàn nìkan lòun ń rí. Òun lè fi èékánná dá onímọ́tò mọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdé òun lọ́jà, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ òun kọjá.

Ìgbà tó yá ni ilé iṣẹ́ tó ni eré náà ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Bí o bá fi nǹkan díẹ̀ lé owó oṣooṣù, aṣọ á já bọ́ láti ojú sánmà sí ọ lára, iná á máa jó létí rẹ̀, eyín ẹranko kankan ò sì ní lè wọ̀ ọ́. Gbogbo wa la rà á. Tèmi aláwọ̀ wúrà ni, mo sì ń yan kiri nínú rẹ̀ bí ọ̀gá ilé-ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àga oníyíyí. Kò pẹ́ sígbà náà tí Aránṣọ kò wọlé mọ́. A ò fura. Ènìyàn ń lọ, ènìyàn ń bọ̀. Nígbà tó yá, lílọ nìkan ló kù.

Ọ̀rọ̀ wá kan gbọ̀ngán wa. Orí òkè kékeré kan la kọ́ ọ sí, òkúta kọ̀ọ̀kan ló jẹ́ pé àwa la gbé e. Oníbúrẹ́dì mọ ààrò sínú rẹ̀, ó ń yan búrẹ́dì tẹ́nikẹ́ni kò lè jẹ. Dókítà Eyín gbé eyín gbogbo ẹranko tá a pa kọ́ sára ògiri, ó sì kọ "Ó ti jẹrà" sábẹ́ èyí tó bá ti jẹrà. Òfin ilé iṣẹ́ náà ni pé ẹgbẹ́ tí kò bá pé ènìyàn mẹ́fà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù, wọ́n á gba gbọ̀ngán rẹ̀. Àwa márùn-ún la kù. Ọ̀gágun ka ìkìlọ̀ wọn fún wa, kò sì fi ọ̀rọ̀ ńlá kankan kún un. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé.

Ó pe ìpàdé lórí ohun tó ń lé àwọn ènìyàn lọ. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ nìkan gùn ju ihò àpáta lọ. Awakọ̀ ní owó oṣooṣù ni. Dókítà Eyín ní kì í ṣe owó. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń ṣí ilẹ̀ tuntun, ohun tí ènìyàn fi òógùn kó jọ á sì di pàǹtí. Oníbúrẹ́dì ní àwọn ọmọkọ́mọ tó ń bú ènìyàn ló fà á.

"Wọ́n pè mí ní àpò ìyẹ̀fun lánàá," ló wí.

"Ta ló tú àṣírí rẹ fún wọn?" ni Awakọ̀ béèrè.

Ọ̀gágun ní àìsí ìbáwí ni. Èmi, ìwọ náà mọ̀ mí, mo ní kò sí ìdánwò tó nítumọ̀. Kò sí irọ́ nínú ohun tẹ́nikẹ́ni sọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó tíì bi ẹnì kan ṣoṣo léèrè nínú àwọn tó lọ.

Ọ̀gágun bá kọ ìwé ìpè ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. "A pè ọ́ láti wá fara hàn níwájú ẹgbẹ́, kí o sì sọ ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ ka ìjókòó rẹ sí èyí tó ṣófo." Ẹnì kan ló fèsì. Ó ní ṣé kí òun mú lọ́yà dání ni.

Mo ní nọ́ńbà fóònù Aránṣọ, láti ìgbà tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀ tó ń pè láti béèrè àlàáfíà mi. Mo pè é lọ́sàn-án, nígbà tí ọkọ̀ kì í pọ̀. Mo kí i, mo kí àwọn ọmọ rẹ̀, mo wá já ọ̀rọ̀ sílẹ̀: kó jọ̀ọ́, kó san ti oṣù yìí, kó wọlé, ká lè pé mẹ́fà.

"Mọ̀mí Tíṣà," ló wí, "ṣé orí lẹ fẹ́ kà ni, àbí èmi lẹ fẹ́ rí?"

Mo ní méjèèjì ni.

"Ẹ gbọ́ ná." Ó gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnì kan, mo gbọ́ tí irin ẹnu ọ̀nà gòkè. "Nígbà tí mo ń ránṣọ, bí mo bá pẹ́ díẹ̀, ẹ̀yin ṣáà lẹ máa ń pè mí: Aránṣọ, níbo lo wà? Nígbà tí aṣọ olówó dé, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹnì kan ló yà wọlé. Ọ̀nà ló ń béèrè. Ẹ̀yin gan-an, ẹ gba iwájú mi kọjá tiná-tiná, ẹ juwọ́ sí mi."

"Ṣebí mo juwọ́."

"Ẹ juwọ́, mà. Àwọn onímọ́tò náà ń juwọ́ sí mi. N ò wá lè máa sanwó láti lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń juwọ́ sí mi, nígbà tó jẹ́ pé níbí, èmi ni wọ́n ń sanwó fún."

Ó ní ohun tó lé Alágbẹ̀dẹ tó ń rọ irin fún ẹgbẹ́ wa lọ náà nìyẹn, ohun tó lé Alásè wa lọ nìyẹn. Ó ní kí n máa tọ́jú orúnkún mi, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, mo sọ fún ẹgbẹ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ọ̀gágun bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lábàá pé ká gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Oníbúrẹ́dì kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ó bọ́ aṣọ oníná rẹ̀, ó jù ú sínú ààrò. Nínú eré yìí, ohun tó bá wọ ààrò ti lọ nìyẹn. Dókítà Eyín ju tirẹ̀. Awakọ̀ ju tirẹ̀, ó ní, "Ènìyàn laṣọ mi, àmọ́ ó ń tutù o." Mo wo aṣọ aláwọ̀ wúrà mi títí, àbúrò mi. Mo jù ú. Kí o wá rí ọkùnrin gìrìwò onírùngbọ̀n nínú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé. Bàbá àwọn ọmọ yọjú lẹ́yìn mi, ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ta ló jà yín lólè?"

Ó ku Ọ̀gágun. Ẹ̀wù tirẹ̀, ejìká rẹ̀ fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Ó ní ipò òun kò gba kí òun... kò rí ibi parí ọ̀rọ̀ náà sí. Ó bọ́ ọ, ó rọra gbé e sínú ààrò bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn. Lábẹ́ rẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ àti tiwa dọ́gba.

A sọ̀kalẹ̀ lọ sí afárá, a tò síwájú ṣọ́ọ̀bù tó tì pa. Dókítà Eyín ya fọ́tò wa, mo fi ránṣẹ́ sí Aránṣọ, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "A fẹ́ rán aṣọ." Kò dáhùn. A padà lọ́jọ́ kejì, a tò. Kò dáhùn. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù. A tún tò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ní ìrètí púpọ̀ mọ́.

Àjèjì kan tó ń kọjá lọ dúró, ó ní kí là ń tò sí. Awakọ̀ ní aṣọ ni. Àjèjì ní irú aṣọ wo ló lè mú kí odidi Ọ̀gágun dúró nínú ṣòkòtò péńpé? Awakọ̀ ní, "Ìwọ náà wá rò ó wò." Àjèjì náà tò sẹ́yìn wa. Ẹlòmíràn rí i, òun náà tò. O mọ bí ọmọ ènìyàn ṣe rí: bó bá rí ìlà, á kọ́kọ́ tò ná kó tó béèrè ohun tí wọ́n ń pín. Ìlà náà gùn títí ó fi dé ìdajì afárá. Mo tún fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dún. Aránṣọ yọrí. Ó wo ìlà náà títí dé òpin rẹ̀, ó wo síńgílẹ́ẹ̀tì márààrún. Ojú inú eré kì í yí padà, n kò lè sọ bí tirẹ̀ ṣe rí níbi tó jókòó sí.

"Ẹ̀yin wọ̀nyí," ló wí, "ta ló kọ́kọ́ dé?"

Ọ̀gágun ní òun ni, gẹ́gẹ́ bí olórí. Gbogbo ìlà ní irọ́ ni. Aránṣọ ní kó lọ sẹ́yìn, ó sì lọ. Ó gba ẹ̀gbẹ́ gbogbo ènìyàn kọjá nínú ṣòkòtò péńpé, ó lọ dúró sẹ́yìn ẹnì kan tó yíjú padà bi í pé, "Ọ̀gá, kí ni wọ́n tilẹ̀ ń tà?" Ó ní òun náà kò lè ṣàlàyé rẹ̀ ní kúkúrú. Mo ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí Aránṣọ yíjú sí mi. Ó ní àwọn àjèjì lòun máa kọ́kọ́ dá lóhùn. Àwa ojúlùmọ̀ tá a mọ bí wọ́n ṣe ń juwọ́, ká ṣe sùúrù.

A pé mẹ́fà, gbọ̀ngán wa kò sì bọ́ lọ́wọ́ wa. Alágbẹ̀dẹ gbọ́, ó padà lọ́jọ́ kejì, ó ní bí aṣọ bá ti wà, wọ́n á fẹ́ bọ́tìnì onírin. Ilé iṣẹ́ tó ni eré náà ti kọ̀wé gígùn jáde pé àwọn ń ṣe "àgbéyẹ̀wò ìfaramọ́ àwọn oníbàárà". Bí wọ́n bá parí rẹ̀, kí wọ́n wá tò sẹ́yìn Ọ̀gágun.

Èsì rẹ nìyẹn, àbúrò mi. Owó wà níbẹ̀, ilẹ̀ tuntun wà níbẹ̀, ọmọkọ́mọ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè san owó láti wá ṣiṣẹ́, kó sì tún dúpẹ́, bí ẹnì kan bá ń retí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́nikẹ́ni ò bá retí rẹ̀ mọ́, ọ̀fẹ́ gan-an ti wọ́n jù. Èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. N kò kàn mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n ni.

Bá mi kí ìyàwó wa dáadáa. Bá mi kí àbíkẹ́yìn rẹ, kó ṣe ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ kó tó ṣe eré. Bàbá àwọn ọmọ kí gbogbo yín tìfẹ́tìfẹ́. Ó wù mí kí n kọ jù báyìí lọ, àmọ́ Aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ránṣẹ́ pé èmi ló kàn, ó sì ní bí n kò bá dé kíákíá, òun á mú ẹlòmíràn síwájú.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ń rò ó sí rere, tó ń sáré lọ wọnú aṣọ,

Tíṣà Onírùngbọ̀n.