Ilé Ìsinmi Orí Àpáta Aláfún

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá, 2024

Mo dé Erúwà láàárọ̀ yìí. Iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n máa kọ́ látinú àwòrán tèmi nìkan — èmi Mùjídàt, tí mo ti fi ọdún mẹ́rìnlá ya àwòrán ṣọ́ọ̀bù àti ilé epo fún àwọn èèyàn. Ilé ìsinmi ni, lórí àpáta ńlá tó wà láàárín Erúwà àti Lanlate. A ò ní gé igi kan. Ẹsẹ̀ irin méjìlá ni yóò fi dúró lórí àpáta, ògiri rẹ̀ amọ̀ ibí, òrùlé rẹ̀ koríko bẹẹrẹ. Atẹ́gùn á máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọ̀gá tó ni ín, ará Ìbàdàn — Alátẹ́gùn ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, torí kò lè sọ gbólóhùn méjì kó má dárúkọ atẹ́gùn.

Oṣù Keje ni mo wá wo ibẹ̀. Òjò ti fọ àpáta náà mọ́ tónítóní. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà: òfìfo ni, kò sẹ́ni tó ń lò ó. Mo tún fa ìlà sí i nídìí.

Ìṣẹ́gun, 5

Godwin, olórí àwọn òṣìṣẹ́, ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi ẹsẹ̀ méjèèjìlá. Ó bi mí pé kí ni àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò ní ìlà-ìlà káàkiri àpáta yẹn. Mo ní àwọn ọmọdé ló ń ṣeré. Èmi onímọ̀!

Ọjọ́bọ̀, 7

Aago méje àárọ̀, mo dé orí àpáta — ó ti funfun báláú. Obìnrin bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, agbọ̀n ẹ̀gẹ́ rírẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń sá láfún. Kálukú nínú ìlà òkúta tirẹ̀. Ìyá ló ń fi sílẹ̀ fún ọmọ, ọmọ a fi sílẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀. Àwọn ọmọdé ń ṣeré, àbí?

Ta ni mo rí tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń fi ìgbálẹ̀ gbá àpáta bí ẹni ń gbá pálọ̀? Màmá Búrẹ́mọ̀! Ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Láfún wọn ni mo jẹ dàgbà n'Íbàdàn. Oṣooṣù ni àpò kan ń dé, kì í sì í ní ẹyọ yanrìn kan nínú. Gbogbo Lanlate ló mọ Màmá mọ́ ìyẹn. N ò bèèrè rí ibi tó ti ń gbẹ. Ọlidé nìkan ni mo ń wá, ìgbà òjò sì ni, kò sẹ́ni tó ń sá nǹkan.

Ẹsẹ̀ kẹta àti ìkẹrin ilé mi, àárín ìlà Màmá gan-an ló bọ́ sí.

Màmá bi mí bóyá èmi ni mo ya ilé náà. Mo ní èmi ni, mà. Wọn ò bínú, ìbá sàn kí wọ́n bínú. Ńṣe ni wọ́n kọjú sí àwọn tó kù: ẹ fọkàn balẹ̀, ọmọ mi ni, á bá wa bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹtì, 8

N ò jáde lónìí. Mo ya àwòrán mìíràn. Mo sún ilé náà ní ọgọ́ta ìṣísẹ̀ sẹ́yìn àwọn igi kajú. A ò ní máa wo oòrùn tó ń wọ̀ lẹ́yìn òkè mọ́, àmọ́ òjìji wà ńbẹ̀, àpáta á sì wà fún àwọn tó ni ín. Ká sòótọ́, ó dára. Mo ká a, mo fi í sínú àpò. Godwin ò tíì lu ihò kankan. Lọ́la ni Alátẹ́gùn ń bọ̀.

Àbámẹ́ta, 9

Ó dé. Ó dúró lórí àpáta, ó na apá méjèèjì. Ó ní atẹ́gùn rèé! Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun mẹ́ta ti rí àwòrán mi lórí fóònù, irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n fẹ́. Ó wá bi mí pé ṣé kò sí ìṣòro kankan.

Àpò wà léjìká mi. Mo di okùn rẹ̀ mú. Mo ní, kò sí, sà.

Kò sí, sà! Ẹnu tèmi yìí náà ló sọ ọ́.

Àìkú, 10

Lanlate. Mo sọ fún Màmá pé mo bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, pé ó kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúà fún mi. Ọlọ́hun, darí jì mí.

Ajé, 11

Godwin lu ihò. Méjèèjìlá.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kejìlá

Alátẹ́gùn ní kí wọ́n fi ṣéènì dí ọ̀nà tó gun àpáta. Àwọn obìnrin ti kó lọ sí etí títì, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá láfún báyìí. Tírélà ń kọjá, eruku ń bò ó. Màmá wà níparí ìlà. Màmá ló kọ́kọ́ kí mi: o kú iṣẹ́, ọmọ mi. Mo kí wọn, mo yára kọjá.

Godwin wò wọ́n, ó wò mí. Ó ní, "Mádáàmù, àwọn ọmọdé yẹn ti wá ibòmíì ṣeré o."

Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kìíní, 2025

Ilé parí, ó sì rẹwà. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Àwọn àlejò dé, wọn ò lè jókòó síta. Àpáta gbóná bí agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí. Alátẹ́gùn ń nu òógùn, ojú rẹ̀ ti le. Mo fa téèpù ìwọ̀n yọ nínú àpò, ni àwòrán kejì tí mo ká síbẹ̀ bá bọ́ sílẹ̀. Ó mú un, ó tú u, ó wò ó títí.

Ó ní, "Òjìji nìyí! Atẹ́gùn nìyí! Kí ló dé tó ò fi èyí hàn mí?" Ó ka déètì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó bi mí bóyá a ti lu ihò nígbà yẹn.

Mo ní a ò tíì lu ihò, sà.

Ó ní òun ì bá gbà. Wẹ́rẹ́ báyìí. Ó ká ìwé náà, ó dá a padà fún mi, ó lọ bá àlejò rẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ — mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, n ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń wí.

Ẹtì, 24

Ìbàdàn. Búrẹ́mọ̀, ọmọ Màmá, gbé àpò láfún wọn dé lánàá, bí ìṣe wọn. Mo fi asẹ́ kù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó ro ọkà. Òkèlè àkọ́kọ́, yanrìn. Ìkejì, yanrìn.

Mo pe Màmá. N ò kí wọn tán tí mo fi tú u jáde: Màmá, n ò bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ rí. Irọ́ ni mo pa.

Wọ́n ní àwọn mọ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ọ̀gá mi dé, àwọn wà lábẹ́ kajú, àwọn wá kó agbọ̀n àwọn. Àwọn gbọ́ ohun tí mo sọ, àwọn sì rí mi tí mo di okùn àpò mú tí n ò ṣí i.

Mo ní kí ló wá dé tí wọ́n fi ṣàdúà fún mi lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní ta ni àwọn ì bá ṣe é fún? Wọ́n ní àwọn ti sọ fún ẹgbẹ́ àwọn pé mo gbìyànjú, kí n má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun mìíràn o. Mo ń sunkún, mo gbé fóònù jìnnà sẹ́nu kí wọ́n má baà gbọ́.

Wọ́n wá rẹ ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rù láfún yẹn ti ń ba àwọn láti àná. Ṣé kò sí yanrìn níbẹ̀?

Mo ní, kò sí, Màmá.