Ìyẹ̀fun Èèpo Àlùbọ́sà Tí Ẹ Ń Retí

Ìyá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ara mi dá ṣáṣá. Ikọ́ tí ẹ gbọ́ lórí fóònù, eruku lásán ni.

Ẹ ní kí n fi ìyẹ̀fun èèpo àlùbọ́sà tí à ń lọ̀ níléeṣẹ́ wa níbí ránṣẹ́, torí ẹ̀gbọ́n yín sọ pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ tún ní ẹ ti pa oògùn dókítà tì, ẹ ń dúró dè é. Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dè é.

Lóòótọ́, ohun tó ń fún èèpo náà láwọ̀ lè ṣe ara lóore. Àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèpo tiwa, ìdí ààtàn ni wọ́n ti ń kó o. Ó ti bu, ó ń ṣomi, ìdin ń rìn nínú rẹ̀. Lánàá, mo fi òkú eku han ọ̀gá nínú àpò kan. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé àna rẹ ni? Lọ̀ ọ́ mọ́ ọn jàre!" Mo kọ̀. Ẹlòmíràn lọ̀ ọ́. Òórùn rẹ̀ ṣì wà nínú irun mi.

Torí pé mo kọ̀, wọ́n ti gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ àgbá báyìí. Ó dára bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi ń rí omi.

Ẹ máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tútù tí ẹ fúnra yín fọ̀, ṣùgbọ́n ẹ lo oògùn yín. Tí ẹ bá ti gbé e mì, ẹ pè mí, kí ọkàn mi balẹ̀.

Ẹ bá mi kí bàbá. Ẹ kí ẹ̀gbọ́n yín náà, kí wọ́n má bínú sí mi.

Ọmọ yín.