Mo Lọ Mú Ọmọ Jáde, Wọ́n Mú Èmi Wọlé

                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà,
                                        Àyèká,
                                        Òkìtìpupa,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Joel, ẹnìkejì mi láti kékeré,

Eunice ìyàwó mi kú ní ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá. O mọ̀, ìwọ lo di apá kan pósí rẹ̀ mú. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ nítorí pé òun ni orí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀rọ̀ po. Jẹ́jẹ́lọlá, àkọ́bí mi obìnrin tó ń ṣe tíṣà ní Òde-Ìrèlè, ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá wí ni kí ó kọ, kí ó má fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́.

Báwo ni gbogbo yín ní Àjàgbà? Ṣé orúnkún Charity ìyàwó rẹ ti gbà kí ó máa lọ sóko? Prosper ọmọ yín ńkọ́? Ìwọ náà ńkọ́, ṣé ojú tí wọ́n ṣe fún ọ ti ń ríran dáadáa? Bí ó bá ti ń ríran, má tíì wá wò mí. Mo ti rù. Jẹ́jẹ́lọlá ní mo dà bí ọ̀pẹ tí wọ́n kọ imọ̀ rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n a wà, ọpẹ́ ni.

O rántí ohun tí mo ṣe níwájú yín nígbà ọdún Àjíǹde. Olúwaṣìkẹ́mi, àbígbẹ̀yìn mi, ti gba iṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú ìjọba tó wà lẹ́yìn Òkìtìpupa, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn dàrú. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wẹ̀ wọ́n, kí ó fún wọn lóúnjẹ, kí ó sì jókòó tì wọ́n. Níbi tí a ti ń fún epo, àwọn ẹgbẹ́ wa a máa kí mi pé, "Bàbá afọsẹ̀-wèrè, ẹ kú iṣẹ́ o." Wọ́n ní wèrè a máa ran olùtọ́jú rẹ̀, pé ọkọ wo ni yóò fẹ́ ẹ? Èmi náà, arúgbó tí kò ní nǹkan méjì ju ìgbéraga lọ, mo pe ẹbí jọ. Mo búra pé níwọ̀n ìgbà tó bá ń ṣe iṣẹ́ náà, kò ní wọ ilé mi, kò sì ní dúró níbi ìrántí ìyá rẹ̀ tí mo bá pè. Mo fi ọ̀pá lu ilẹ̀ títí ìdí ọ̀pá fi là. O fẹ́ fọwọ́ bò mí lẹ́nu, mo gé ọ níka jẹ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìka náà.

Nígbà tí ìrántí ọdún kan Eunice wá ń sún mọ́lé, mo ní n óò lọ fa ọmọ náà jáde fúnra mi, kí ó lè bá wa ṣe é. Ọjọ́rú tó kọjá ni. Láti ibi àdúrà ni mo ti gbéra, o sì mọ̀ pé nínú ìjọ tiwa, a kì í wọ bàtà sí sùtánà. Òjò ti rọ̀. Kí ọ̀kadà tó gbé mi débẹ̀, ẹrẹ̀ ti dé orúnkún mi, aṣọ funfun mi ti di ti ẹni tó ń po amọ̀. Mo sì ń bá Eunice sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ó ti mọ́ mi lára láti ìgbà tó ti lọ. Bí inú bá ń bí mi, òun ni mo ń rò ó fún. Ọlọ́kadà rò pé òun ni mo ń bá wí, ó dáhùn. Mo ní kí ó dákẹ́, ọ̀rọ̀ ọkọ àti ìyàwó ni. Nígbà tó wá rí géètì tí mo ní kí ó dúró sí, ó sọ mí kalẹ̀, ó sì sáré lọ láìwẹ̀yìn.

Mégáàdì béèrè ohun tí mo wá ṣe. Mo ní mo wá mú ọmọ mi jáde, wọ́n ti fọgbọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Ó béèrè pé èmi àti ta ni a jọ wá. Ẹnu mi, tí kì í dúró de orí, ní èmi àti ìyàwó mi ni. Ó wo ẹ̀yìn mi. Ewúrẹ́ kan ló wà níbẹ̀.

Ó wọlé lọ pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lucas, irú iṣẹ́ Ṣìkẹ́mi ni òun náà ń ṣe. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá mi jà. Ó kí mi kú ọ̀nà, ó ní kí n wá jókòó sórí bẹ́ńṣì kí ẹsẹ̀ lè sinmi. Mo ní orí mi pé o. Ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá." Joel, kò sí bí o ṣe lè sọ fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ pé orí rẹ pé. Bí o bá pariwo, wọn á rọra mi orí. Bí o bá rọra sọ ọ́, wọn á tún rọra jù ọ́ lọ. Ó béèrè bí mo ṣe ń sùn. Mo ní ta ló ń sùn? Ó béèrè bí mo ṣe ń jẹun. Mo ní mo ṣì máa ń bu oúnjẹ Eunice sí àwo rẹ̀ kí n tó rántí. Gbogbo ìdáhùn mi, kòtò ni mo fi ń gbẹ́, èmi náà ni mo sì ń bọ́ sínú rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń gba ìtọ́jú níbẹ̀, Philemon, sún mọ́ mi lórí bẹ́ńṣì, ó fọwọ́ lé mi léjìká. Ó ní, "Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń le. Wọ́n máa ń fi ẹja sí ọbẹ̀ lọ́jọ́rú."

Ni Lucas bá gbé abọ́ omi wá, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹsẹ̀ mi. Àgbà ìjọ ni mí. Lọ́dọọdún, ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, èmi ni mò ń kúnlẹ̀ fọ ẹsẹ̀ àwọn ará, tí mo sì ń fi í gbéra ga títí ọdún fi ń yí. Ẹni tó fọ ẹsẹ̀ tèmi gbẹ̀yìn ni Eunice, nígbà tí ẹsẹ̀ náà wú. Mo fẹ́ fà á yọ, ẹsẹ̀ kọ̀. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èmi tí n kò sunkún níbi ìsìnkú, tí gbogbo yín ń yìn mí pé ọkùnrin ni mí, omi bọ́ lójú mi sínú abọ́. Mo sọ fún Lucas pé òjò ni. Abẹ́ òrùlé ni a wà.

Ìgbà yẹn ni Ṣìkẹ́mi gbé oúnjẹ àwọn aláìsàn jáde, tó bá bàbá rẹ̀ nínú abọ́. Ó gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi. Lucas wò ó, ó wò mí, ó sì fọ ẹsẹ̀ kejì tán kí ó tó dìde.

Mo bi ọmọ mi pé, "Ṣé báyìí ni ẹ máa ń ṣe fún gbogbo wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá mi."

"Kí ni o máa ń wí fún wọn?"

"N kì í wí púpọ̀. Mo máa ń jókòó tì wọ́n ni."

Mo rántí pé lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí ẹ̀yin ń sọ fún mi pé kí n gba kámú, òun nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Ó kàn jókòó tì mí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo rò nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ló tán lẹ́nu rẹ̀.

Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ilé: kó ẹrù rẹ, ká lọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé òkèlè púpurù wọn ti le jù. Mo sì jẹ ẹ́ tán. Ẹja wà níbẹ̀ lóòótọ́. Philemon kò parọ́.

Ó sìn mí dé géètì. Ibẹ̀ ló ti béèrè, tí kò wo ojú mi, pé, "Bàbá, lọ́jọ́ ìrántí, bí gbogbo èèyàn bá ti lọ tán, ṣé mo lè wá sí ojú oórì ìyá mi?"

Mo ṣe bí ẹni tó ń wá ọ̀kadà. Ọlọ́kadà tó dúró wo aṣọ mi, ó wo géètì, ó ní àfi kí mégáàdì jẹ́rìí pé wọ́n ti dá mi sílẹ̀. Mégáàdì jẹ́rìí. Bí mo bá kú, kí ẹ ránṣẹ́ pè é wá síbi ìsìnkú. Òun nìkan ni ẹlẹ́rìí tí mo ní pé orí mi pé. Mo fi èyí rẹ́rìn-ín títí mo fi délé, ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ náà ti ṣáájú mi débẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè náà ti jókòó sórí àga Eunice tó ń wò mí.

Bá mi kí Charity, kí o sì kí Prosper. Kí gbogbo yín wá síbi ìrántí náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo pè yín. Àgbà kì í tutọ́ sílẹ̀ kí ó tún padà lá a, gbogbo ẹbí ló sì gbọ́ ìbúra mi. Ilé mi ni mo ní ọmọ náà kò ní wọ̀. Ìrántí tí mo bá pè ni mo ní kò ní dúró sí. Nítorí náà, n kò pe ìrántí kankan, n kò sì ní ilé mọ́. Jẹ́jẹ́lọlá ti gbé bírò dúró, ó ń wò mí. Kọ ọ́, ọmọ. Ìrántí ìyá rẹ di tìrẹ, ilé yìí náà di tìrẹ, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìyí lórí tábìlì. Ẹni tó bá wù ọ́ ni kí o ṣílẹ̀kùn fún. Àlejò rẹ ni mí láti òní lọ, àlejò kì í sì í sọ ẹni tí yóò wọlé.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí wọ́n dá sílẹ̀,

Benedict
(èmi Jẹ́jẹ́lọlá ni mo bá a tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sókè yìí)