Àǹkárá Tí Wọ́n Fi Orúkọ Mi Rà

Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹwàá, 1994

Ọṣẹ ọmọ, náírà mẹ́wàá. Kẹrosíìnì, náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Aláṣọ àwìn, ogún náírà. Ó ku ogún náírà lọ́wọ́ mi.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni aláṣọ yìí ti ń pè mí lórí fóònù bàbá onílé, pé mo jẹ òun lówó aṣọ. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n rí, olè kan ló fi orúkọ mi ra ọjà.

Nírọ̀lẹ́ òní, ó wá fúnra rẹ̀, ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá ìkókó, aṣọ mi lẹ fi pọn ọmọ yẹn!"

Àǹkárá tí Màmá mi gbé wá láti Ẹdúnàbọ̀n fún ìkómọ ni. Ẹ̀wà tí Màmá ń ṣà nínú yàrá bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Kò ní tà á láwìn fún arúgbó. Orúkọ ìwọ tó ń gbowó oṣù ni mo dá. N ò lè wá wẹ ọmọ ẹ lọ́wọ́ òfo."

Gbogbo èpè tí mo ti ṣẹ́ lé olè náà lórí, etí wọn ni mo ṣẹ́ ẹ sí.

Màmá ní kí n dá aṣọ padà. Mo kọ̀. Mo sọ fún aláṣọ pé èmi ni mo jẹ ẹ́. Ọmọ ti sùn sínú rẹ̀ báyìí.

Irinwó náírà ló kù tí n kò tíì san.