Àpótí Kìíní Lórí Fọ́ọ̀mù Ìfẹ̀yìntì

Yàrá Kẹta, Ilé Alájà Kan,
Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé Ìjọba.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2019.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Owó Ìfẹ̀yìntì Òṣìṣẹ́ Ìjọba,
Àjà Kejì, Ilé Ọ́fíìsì Ìjọba.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ GBÀ MÍ LÁÀYÈ LÁTI PÀÀRỌ̀ ÀPÓTÍ TÍ MO FÀMÌ SÍ

1. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Adìwé àgbà ni mí ní Ilé Ìtẹ̀wé Ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Nọ́ńbà fáìlì mi ni 0417.

2. Kí ọ̀gá wa àti àwa mẹ́fà tí a wà lábẹ́ rẹ̀ tó jọ fẹ̀yìn tì, akọ̀wé kan wá láti ọ́fíìsì yín láti là wá lọ́yẹ̀ nípa fọ́ọ̀mù ìfẹ̀yìntì nínú yàrá ìdìwé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló lò, ẹ̀rọ ìgéwèé sì ń pariwo lọ́wọ́. Ó bi wá bóyá ó yé wa. A ní ó yé wa. Ẹ̀yin ọ̀gá, kò yé ẹnì kankan; ojú ló ń tì wá.

3. Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni pé ọ̀gá wa ló máa ń gé ewé kìíní. Àwa yòókù á gbé tiwa lé e, a ó gé e bá a mu. Bí a ṣe ṣe fọ́ọ̀mù náà nìyẹn. Ọ̀gá fàmì sí àpótí kìíní, àwa mẹ́fà sì fàmì sí àpótí kìíní. Ẹnì kan tilẹ̀ da ọjọ́ ìbí ọ̀gá kọ! Ọ́fíìsì yín rí ìyẹn, wọ́n ní kó lọ tún un ṣe. Ti àpótí, kò sẹ́ni tó bi wá.

4. Ìyàwó ọ̀gá wa ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ń dá jẹun. Àpótí kìíní yẹ ẹ́: owó oṣooṣù ibẹ̀ pọ̀ díẹ̀, ó sì dópin lọ́jọ́ tí ẹni náà bá kú. Ti àpótí kejì dín díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọkọ bá kú, ìyàwó yóò máa gba ìdajì rẹ̀ títí ayé rẹ̀. Èmi ní ìyàwó. Orí ọ̀gá ni mo fi wọn fìlà tèmi.

5. Oṣù karùn-ún ọdún yìí ni mo tó mọ̀. Ọ̀kan nínú wa, tí a ń pè ní Sùúrù, ló kú. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìwé ẹ̀rí ikú wá sọ́dọ̀ yín, wọ́n sì sọ fún un pé fáìlì ọkọ rẹ̀ ti parí. Mo sáré wá. Ọmọbìnrin tó wà ní fèrèsé kẹta kò rí mi fín rárá. Ó ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni òfin fún ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀, tèmi sì ti lé lọ́dún kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà wá. Ó ní ó wà nínú ìwé òfin. Òótọ́ ni. Àwa gan-an la di ìwé òfin náà. Mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn ẹ̀dà rẹ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, n kò ṣí i kà rí. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

6. Ìyàwó mi fi iṣẹ́ aránṣọ sílẹ̀ láti tọ́jú ìyá mi tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá mọ́lẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ló fi ń gbé e láti orí ibùsùn sórí àga. Kò ní owó ìfẹ̀yìntì kankan tirẹ̀. Dókítà sì ti sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé ọkàn mi ti ń ṣàárẹ̀, kí n má fi ohun tó yẹ kí n ṣe falẹ̀. Ìwé rẹ̀ wà nínú àpòòwé yìí.

7. Ẹ má bínú sí àlàfo tó wà lẹ́yìn ìpínrọ̀ kẹrin. Ìyàwó mi ni mò ń pe lẹ́tà yìí fún, òun ló ń kọ ọ́. Kò mọ ohunkóhun nípa àpótí títí ó fi kọ ọ́ débẹ̀, nítorí n kò rí ẹnu sọ fún un. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Nígbà tó padà, ó ní kí n máa pè é nìṣó. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi.

8. N kò mọ ẹni ńlá kankan, n kò sì ní agbára kankan. Mo bẹ̀ yín, ẹ dín owó mi kù láti oṣù yìí, kí ẹ gba àlékún tí mo ti jẹ padà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gbé mi sí àpótí kejì. Àwọn mẹ́rin mìíràn ní yàrá ìdìwé yóò fẹ̀yìn tì lóṣù kejìlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ẹni tó máa jókòó tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ yẹn ná.

9. Ojú mi kò ríwèé kà mọ́. Ohunkóhun tí ẹ bá kọ padà, òun náà ni yóò kà á sí mi létí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀,

Bàbá Gọ́ọ̀mù,
Adìwé Àgbà tó ti fẹ̀yìn tì.