Ọ̀nà Ilé Wa Ti Le, Wá Wò Ó

Corinne ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà ní Boston? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o sì ń jẹun kánú? Bí o bá béèrè wa, a wà, ajá wà, àwọn adìẹ ń yé, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kí ó máa ṣọ́ ẹ lọ ṣọ́ ẹ bọ̀ láàárín gbogbo ọkọ̀ ìlú yẹn. Ìyá rẹ ti dé láti ilé ìwòsàn. Mo yára sọ ìyẹn kí àyà rẹ má baà já, nítorí ìtàn tó kù gùn díẹ̀, ẹrẹ̀ ló sì kún inú rẹ̀.

O mọ ibi rírọ̀ tó wà lọ́nà ilé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abà, níbi tí bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ há sí nígbà tí o wà ní kíláàsì kẹta tí a wá a títí. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ ṣubú sí ní oṣù kẹta, tòun ti garawa omi igi mápù tí a máa ń sè di oyin lọ́wọ́, tí egungun ìbàdí rẹ̀ fi ṣẹ́. Mi ò sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ fún ẹ lórí fóònù nítorí ojú ń tì mí. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń da òkúta wẹ́wẹ́ sí ojú kan náà. Bí yìnyín bá ti ń yọ́, típà á dé, màá da òkúta, màá tẹ́ ẹ, á rẹwà lójú, nígbà tó bá fi máa di ọdún kejì ẹrẹ̀ á ti gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Nọ́ọ̀sì wá sọ fún mi pé ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa gbé ìyá rẹ wálé, àmọ́ ọkọ̀ wọn kò ní gun ọ̀nà tó bá ní ẹrẹ̀, àti pé bí ọ̀nà kò bá dára, ilé àwọn arúgbó ní ìlú ni yóò wà títí di oṣù kẹfà. Ìyá rẹ kọjú sí ògiri. Ó dùn mí wọra. Nọ́ọ̀sì náà gbé wáláà dígí kan fún mi kí n kọ gbogbo ohun tó lè gbé aláìsàn ṣubú nínú ilé. Mo kọ ajá, mo kọ ẹní ẹnu ọ̀nà, mo sì kọ ara mi, torí mo máa ń na ẹsẹ̀ níwájú sítóòfù. Ó ní kí n fi ìka buwọ́ lù ú. Mo kọ́kọ́ lọ fọ ìka náà, kí dókítà má baà rò pé ọ̀bùn ni wá. Kò sí ìwé, kò sí yíǹkì, síbẹ̀ orúkọ mi hàn kedere. Àwọn èèyàn yẹn mọ iṣẹ́.

Obìnrin inú fóònù tí o rà fún mi pàápàá mọ̀ nípa ẹrẹ̀ yẹn. Bí mo bá ń bọ̀ láti ìlú, á júwe ọ̀nà fún mi, kì í sì í bínú bí mo bá ṣìnà, ṣùgbọ́n tí a bá ti dé ìdí àpótí lẹ́tà lẹ́bàá títì, á ní a ti dé, á sì dákẹ́. Kò gun òkè bá wa délé rí. Mi ò dá a lẹ́bi, ta ló fẹ́ ba bàtà rẹ̀ jẹ́?

Ìyá Odette Thibault ló gbà mí. O mọ̀ wọ́n, opó tí ilé wọn wà nísàlẹ̀ òkè, tí wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún wa katakata tí wọ́n fi ń tẹ́ ojú títì. Mo lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá bá mi tẹ́ òkúta típà kan sí i. Wọn ò gbé katakata. Àga àti agbòjò ni wọ́n gbé wá, wọ́n jókòó sójú ọ̀nà nínú òjò, wọ́n ń wo ibi tí omi ń gbà. Lẹ́yìn wákàtí kan wọ́n pè mí.

“Merle, ọdún mélòó lo ti ń fún ilẹ̀ yìí lókùúta jẹ? Kì í ṣe ebi ló ń pa á. Omi ló mu yó.”

Wọ́n ní omi ń ti orí òrùlé abà já sójú ọ̀nà, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ṣì dì gbagidi bíi yìnyín, omi kò ríbi wọ̀. Ní ọjọ́ ajé a la gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abà kí omi lè bá ibòmíràn lọ. Ní ọjọ́ kejì a kó ẹrẹ̀ jáde títí a fi kan ilẹ̀ tó le, ó jìn dé orúnkún mi, inú rẹ̀ sì ni a ti rí bàtà rẹ, tòun ti okùn rẹ̀. Wọ́n tẹ́ aṣọ dúdú kan sí ìsàlẹ̀ kòtò náà. Mo rò pé òtútù ló ń mú ilẹ̀, mo ní kí n lọ gbé kúbùsù ibùsùn wa wá torí ó nípọn jù ú lọ. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní aṣọ yẹn ni kò ní jẹ́ kí ẹrẹ̀ gòkè wá bá òkúta, tí òkúta kò sì ní rì lọ bá ẹrẹ̀. A wá da òkúta tó tó ìkúùkù sí i, a da wẹ́wẹ́ lé e, wọ́n jẹ́ kí àárín ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ kí òjò lè ṣàn sọ́tùn-ún sósì. Corinne, obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tó ń wa katakata síwá sẹ́yìn tòun ti ajá lórí ìjókòó, bí ẹni ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì! Mo dúró mò ń wò wọ́n tí mo gbàgbé ṣọ́bìrì ọwọ́ mi. Wọn ò gbowó. Ìgò oyin mápù méjì ni wọ́n gbà, wọ́n tún ní ó ti dúdú jù.

Ní ọjọ́bọ̀ ọkọ̀ dé. Obìnrin inú fóònù wà lọ́dọ̀ awakọ̀ náà, ó sì dúró síbi àpótí lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ gùnkè láìsí i. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ abà, ìyá rẹ ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀. Ó di irin tó fi ń rìn mú, ó tẹ ẹsẹ̀ kan mọ́lẹ̀, ó tẹ èkejì, ó wo gọ́tà, ó gbójú sókè wo òrùlé abà.

“Bàbá Corinne, ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń sọ fún yín pé omi òrùlé yìí ni.”

Òótọ́ ni. Ó ń sọ ọ́ lọ́dọọdún, mo rò pé abà ló ń bú. Ká ní mo gbọ́ ni, egungun rẹ̀ ì bá má ṣẹ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un níbẹ̀, níṣojú awakọ̀. Ó gbá mi lápá mú, àwa méjèèjì sì rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò rì.

Ó ní ohun tó kù ni páànù tí yóò máa gba omi òrùlé abà, mo sì ti ń gbọ́ràn báyìí. Nítorí náà jọ̀wọ́ wá owó díẹ̀ fún wa. Má fi í ránṣẹ́ nínú fóònù o, ìdí àpótí lẹ́tà ni obìnrin yẹn máa gbé e sí. Fọwọ́ ara rẹ mú un wá, má sì páàkì sísàlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ kí o kí wa láti ọ̀nà jíjìn kí o tún padà. Wa ọkọ̀ rẹ dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mo ti fọ bàtà rẹ, ó wà lójú fèrèsé.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilẹ̀ le lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ níbi gbogbo tí o bá tẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n kí ẹ, mo sì ti kí ẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Merle