Mo Sọ fún Wọn Pé O Ò Tíì Gboyè

Brenna, ọmọ mi àtàtà,

Jọ̀wọ́ má bínú pé mo láyà láti kọ̀wé sí ẹni tó ti gboyè, èmi tó jẹ́ pé oṣù tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kìíní ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìrọ̀lẹ́ ní ìlú kejì, tí mo sì máa ń jókòó sẹ́yìn kí olùkọ́ má baà pè mí. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún rẹ ò dùn ọ́ mọ́? Ọlọ́run tó mú ọ dé Omaha láyọ̀ yóò máa gbé ọ fò níwájú àwọ̀n, yóò sì máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Àmín.

Àlàáfíà ni a wà. Òjò rọ̀ sí àgbàdo wa lásìkò, a dúpẹ́, ẹ̀yìn bàbá rẹ náà ti fúyẹ́. Verna aládùúgbò wa ní kí n kí ọ, ó ní òun ló kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá sí ọ láyé, irọ́ ni, ṣùgbọ́n jẹ́ kó máa gbádùn ẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé nìyí. Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin kan pè mí láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ tuntun, ó ní iṣẹ́ òun ni láti mọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá bọ́ọ̀lù àti ẹni tí kò ní. Ó bi mí bóyá àpòòwé kan ti dé láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ àtijọ́, èyí tó máa fi hàn pé o ti gboyè. Ó ti dé, ó wà lórí tábìlì níwájú mi. O ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi ìpàtẹ ẹran ọ̀sìn wa, pé ọmọ tó bá ti parí ilé ìwé ò gbọdọ̀ fa màlúù wọ agbo ìdíje mọ́. O rántí Trent ọmọ Verna, bí wọ́n ṣe gba rìbọ́ọ̀nù tí wọ́n fi dá a lọ́lá padà lọ́wọ́ ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Mo ní wọ́n ti mú ọmọ mi nìyẹn, ó ti parí ilé ìwé, ó tún fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ilé ìwé. Ni mo bá sọ fún obìnrin náà pé rárá o, Brenna ò tíì gboyè, kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn, ìwé tí kò tíì kà ṣì pọ̀ nílẹ̀ jọjọ. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, mo yọ ìwé ẹ̀rí rẹ kúrò lára ògiri pàlọ̀, mo tì í bọ inú fírísà sábẹ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, bóyá wọ́n á wá yẹ ilé wò.

Ọjọ́ kejì ló tún pè, ohùn ẹ̀ ò dùn mọ́. Ó ní torí pé orúnkún dá ọ dúró fún odidi ọdún kan ni sáà kan fi ṣẹ́ kù fún ọ nínú sáà mẹ́rin tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní láti gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ oyè kejì ni àwọn gbà ọ́ sí, bí o ò bá tíì gba ti àkọ́kọ́, o ò sí lára àwọn, o ò sì lè gbá bọ́ọ̀lù kankan fún àwọn. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sílẹ̀ o. Mo sáré dé ìdí fírísà, mo nu yìnyín kúrò, mo ka ìwé ẹ̀rí náà sí i létí pátá, títí dé ibi tí wọ́n fi Látìn kọ, tí kì í ṣe èdè wa. Mo wá ro ẹjọ́ màlúù fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní ẹlẹ́dẹ̀ lòun náà ń fà wọ agbo nígbà òun wà lọ́mọdé, kí n sáà fi àpòòwé yẹn ránṣẹ́ láìṣí i. Nígbà tí mo ní ọdún kìíní lèmi náà wà, ó ní ha, màmá, sáà mẹ́rin lẹ ní nílẹ̀ yẹn o, ẹ lọ wá bàtà bọ́ọ̀lù.

Àná ló pè pé àpòòwé ti dé, pé o lè gbá bọ́ọ̀lù. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíṣìnì, mo dúpẹ́. Ọdún tí o farapa, mo bínú sí Ọlọ́run, n ò mọ̀ pé ó ń bá ọ fi ọdún kan pamọ́ ni, bí ìgbà tí wọ́n bá bu oúnjẹ bo ẹni tó pẹ́ kó tó dé.

Mo gbọ́ pé lọ́jọ́ ìdíje yín tó kẹ́yìn nílé, wọ́n á pe àwọn òbí jáde. Bàbá rẹ ò ní bàtà mìíràn ju èyí tí wọ́n ń wọ̀ sọ́dọ̀ ẹran. Bí ọwọ́ rẹ bá tẹ nǹkan, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún bàtà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bi obìnrin yẹn bóyá agbábọ́ọ̀lù lè ra bàtà fún bàbá ẹ̀, torí èmi ò ní lè pè é mọ́ láyé. Wàá ṣe é tán láyọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní yẹ̀. Inú rẹ á máa dùn bí o ṣe mú inú wa dùn.

Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí bàbá rẹ rí lẹ́tà yìí. Kò sẹ́ni tí wọn ò tíì sọ fún níbi tí wọ́n ti ń ra oúnjẹ ẹran pé ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó gboyè nínú ìdílé wọn. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, wọ́n bi mí pé ìwé ẹ̀rí ọmọ àwọn dà, mo ní mò ń fọ gíláàsì ẹ̀ ni, wọ́n sì jókòó tí wọ́n ń wo ibi tó ṣófo lára ògiri títí a fi jẹun tán. Bò mí láṣìírí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Lorna